Ọ̀rọ̀ Atukọ̀ Tó Da Agboolé Wa Rú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí wọ́n bá bi yín, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ ní ọjà lẹ ti gbọ́ ọ. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹ̀kọ ni mo ń tà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa ní Ìlórò, níbí ní Ọ̀wọ̀, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí tó lè jáde kó má kọjá níwájú ìkòkò mi. Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sí mi létí, ṣé kí n yọ etí jù sínú igbá ni?

Ìgbà ọdún Ìgògò ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún la fi ń ṣọdún yẹn ní ìrántí Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹngẹ́jẹn. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn a kì í lu ìlù, agogo là ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Kábíyèsí fúnra wọn á dirun bí obìnrin, iyùn á sì bo àyà wọn. Ẹ ní kí ló kan iyùn? Ẹ fara balẹ̀, a máa padà sórí iyùn. Gèlè ni mo ń bá bọ̀. Nígbà tí Ìyá Ifọ̀n figbe ta lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí gbogbo wa tú jáde, kò sẹ́ni tó rí gèlè tú kúrò lórí kó fi di ìdí. Ẹkún tí a ò rí gèlè sun, ẹkún yẹn ò dùn.

Ìyá Ifọ̀n, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá bá wa, ìdí tí a fi ń fi ìlú rẹ̀ pè é nìyẹn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà kúrò nílé, ó ní òun ń wáṣẹ́ lọ, oṣù mẹ́fà la ò gbúròó rẹ̀. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn tí fóònù dún kíníún, tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ìyá Ifọ̀n ò mọ̀wé, ó pe ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé kó wá kà á. Ẹ sì mọ àwọn ọmọ ìwòyí: ẹni tó kọ ọ́ ò fi àmì sí i, ẹni tó ń kà á ò mọ̀ pé àmì wà láyé. Ohun tó wà lójú fóònù nìyí:

"Mama mo ti di atuko. Inu okun ni mo wa bayii. E ma foya."

Ọmọ ọmọ mi gbé ohùn sókè bí ẹni ń kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Màmá, mo ti di atúkọ́. Inú okùn ni mo wà báyìí."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Inú okùn! Ìyá Ifọ̀n ò dúró gbọ́ "ẹ má fòyà" tó kẹ́yìn. Ó ti di orí mú. "Wọ́n ti de ọmọ mi lókùn o! Wọ́n ti so ọmọ mi mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́!"

Bàbá ọmọ, Bàbá Àgbẹ̀, jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ wọn kún fún eruku iṣu. Okùn kọ́ ni wọ́n gbọ́ ní tiwọn. "Atúkọ́? Ọkọ́ ta ló tú?" Wọ́n sáré wọ yàrá lọ wo ọkọ́ wọn. Ọkọ́ yẹn, òun ni wọ́n fi kọ ebè ní oko wọn lọ́nà Ifọ̀n fún ogún ọdún, òun náà ló rán ọmọ níléèwé. Wọ́n bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn, irin wà lára igi, kò sẹ́ni tó tú u. Wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni ọmọ fi ránṣẹ́: ohun tó ń sọ ni pé òun ò ní í roko mọ́ láyé òun. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ wò ó, kò ju wákàtí kan lọ, ọ̀rọ̀ ti dé Ọjà Ọba. Èmi kọ́ ni mo gbé e débẹ̀. Ata ni mo lọ rà. Mo kàn bi alátá pé ṣé ó mọ ohun tí à ń pè ní atúkọ. Ìgbà tí màá fi padà délé, ọ̀rọ̀ ti gba iwájú mi wọlé: wọ́n ní ọmọ Ìyá Ifọ̀n ti tú ọkọ ọlọ́kọ ká nílé, wọ́n sì ti fi okùn dè é. Mo ní ọkùnrin ṣe ń tú ọkọ? Wọ́n ní ayé ti yí.

Bàbá Tíṣà ló gbà wá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ò tíì fẹ̀yìn tì lára wọn. Wọ́n gba fóònù, wọ́n fi dígí sójú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

"Ẹ jókòó, gbogbo yín," ni wọ́n wí. "Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: mẹ́rin ni wọ́n. Ìkan ń gbéni níyàwó, ìkan ń roko, ìkan ń gbéni rìn, ìkan ń gúnni lẹ́yìn. Okun, okùn, òkun: ìkan ni agbára, ìkan ni à ń fi so ewúrẹ́, ìkan ni omi iyọ̀ tí kò lópin. Ọmọ yín kò sí nínú okùn. Inú òkun ló wà. Atukọ̀ ló dà, a-tu-ọkọ̀."

Ìyá Ifọ̀n dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Òkun! Ó sàn kó wà nínú okùn! Okùn ṣeé tú!"

Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn wò. Obìnrin tí ò mọ̀wé ló sọ ọ́.

Bàbá Tíṣà ò gbọ́ ẹkún mọ́, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òyìnbó tó pe atukọ̀ ní sailor, aṣọ ìgbòkun tó ń gba afẹ́fẹ́ ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Faransé pè é ní marin, òkun ni tirẹ̀ tọ́ka sí. Wọ́n tún ní àwọn tó ń lọ sójú ọ̀run lọ́hùn-ún, tí òyìnbó ń pè ní astronaut, èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju atukọ̀ ìràwọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò wo aṣọ, kò wo omi, kò wo ìràwọ̀. Ọkọ̀ ló wò, àti ọwọ́ tó ń tù ú. Ohun tó fà á nìyẹn, Bàbá Tíṣà ní, tí ọ̀rọ̀ náà fi lè gòkè odò wá bá wa nínú igbó níbí: kò mú omi dání.

Wọ́n tún gbé Ajàyí Crowther wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọmọdé ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821, wọ́n tà á tà á títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ Potogí. Ní oṣù Épírì ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbé àwọn ẹrú lọ sí Freetown, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọmọ yẹn ló di bíṣọ́ọ̀bù, òun sì ni àgbà àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884. Nígbà tí ìjì dé bá Jónà nínú Bíbélì náà, atukọ̀ ni wọ́n pe àwọn tó ń kígbe nínú ọkọ̀. Mo ní ẹni tó ti gbọ́ igbe inú ọkọ̀ rí ló mọ orúkọ tó yẹ kó sọ wọ́n. Bàbá Tíṣà wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n rò pé ẹ̀kọ nìkan ni mo mọ̀.

Ibẹ̀ la wà tí Dérébà fi dé láti ìdíkọ̀. Ọmọ ilé wa ni, ọ̀nà Ìkàrẹ́ ló ń ná. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fọwọ́ lu àyà. "Kí lẹ̀ ń pariwo atukọ̀ sí? Èmi kọ́ ni awakọ̀ ni? Atukọ̀, awakọ̀, ìyàtọ̀ wo ló wà ńbẹ̀?"

A bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òótọ́ ló wí. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí, ọkọ̀ ti wà, orí omi ló wà. Wíwà ni wọ́n ń wà á. Nígbà tí mọ́tò dé, a ò wá orúkọ tuntun, orúkọ ọkọ̀ ojú omi la gbé wọ̀ ọ́. Reluwé dé, ó di ọkọ̀ ojú irin. Bàálù dé, ó di ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ wo ìdíkọ̀, ẹ wo owó ọkọ̀, ẹ wo èrò ọkọ̀. Ẹ wo gúnlẹ̀ tí à ń sọ bí ẹnìkan bá dé Èkó láyọ̀: ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀. Ìdákọ̀ró tí àwọn ẹlẹ́sìn fi ń gbàdúrà, irin tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ lè dúró ni. Ẹ tilẹ̀ wo bí a ṣe ń kí Dérébà láràárọ̀ tó bá fẹ́ jáde: "Ọkọ̀ á réfòó o!" Réfòó! Mọ́tò wo ló ń léfòó? Bí mọ́tò Dérébà bá léfòó lórí afárá Ọ̀sẹ lọ́nà Ìkàrẹ́, ṣé àwa la máa kí i ni, àbí àwọn tó ń wá òkú?

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ìgbésí ayé wa la ti ń sọ̀rọ̀ bí ará òkun, a ò sì mọ̀. Ọ̀wọ̀ tí igbó yí ká, tí iṣu pọ̀ níbẹ̀ ju ẹja lọ!

Ìgbà yẹn ni Ìyàwó Ìlàjẹ jáde ní yàrá, ó ń fa aṣọ sórí àyà. Àfi kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn tirẹ̀ fún yín. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Ayétòrò ní ẹ̀bá òkun ló ti wá, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ń pè ní Ìlú Aláyọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní tó dé ilé wa, ẹnìkan bi í pé kí lohun tó wu ú jù nínú ẹrù tó kó wá láti ilé bàbá rẹ̀. Ó ní, "Àjẹ̀ mi ni. Ìyá mi àgbà ló fún mi." Hà! Agboolé pa lọ́lọ́. Odindi oṣù kan, kò sẹ́ni tó jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó se púpúrú títí, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. Èmi tí mo jẹ́ ìyálé rẹ̀, mo fi ewé sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Àfi lọ́jọ́ tó ń gbá yàrá tó gbé igi pẹlẹbẹ kan jáde sínú oòrùn, ó ní kí àjẹ̀ òun lè gbẹ. Igi ìtukọ̀! Èyí tí wọ́n fi ń ti omi sẹ́yìn! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pé kí ìjọba fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá, kó má baà di pé a sun èèyàn níná nítorí igi.

Ìyàwó Ìlàjẹ kúnlẹ̀ kí wa, ó sì kọjú sí Dérébà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kì í ṣe atukọ̀. Títì tí ẹ̀ ń gbà kì í yí padà mọ́ yín lábẹ́. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó bá ń tukọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Ó gbọ́dọ̀ mọ afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ kó tó dé." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Nísinsìnyí, òkun fúnra rẹ̀ ló ń wá wa bọ̀ nílé. Ibi tí wọ́n bí mi sí ní Ayétòrò, omi ló wà níbẹ̀ lónìí."

Kò sẹ́ni tó fèsì. Dérébà ló tún gbìyànjú, kó má baà tẹ́. "Ẹ̀yin lẹ ní òkun, àwa la ní atukọ̀. Ta ni atukọ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gómìnà tí a kọ́kọ́ dìbò yàn, ní 1979? Ajásin! Ọmọ Ọ̀wọ̀! Akérédolú tó gorí àga ní 2017 ńkọ́? Ọmọ Ọ̀wọ̀!"

Ìyàwó Ìlàjẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló gba àjẹ̀ lẹ́yìn Akérédolú?"

Dérébà la ẹnu, ó pa á dé. Ayédátiwá ni. Ọmọ Ìlàjẹ. Bí ọlọ́mọge ṣe ń dáhùn ọ̀rọ̀ lẹ́bàá òkun nìyẹn, wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ wọ inú omi dáadáa kí wọ́n tó dojú rẹ̀ dé.

Mo ní a máa padà sórí iyùn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Bàbá Tíṣà ní ká má ṣe bí ẹni pé òkun ò mọ Ọ̀wọ̀. Iyùn tó wà lọ́rùn Kábíyèsí nígbà Ìgògò, abẹ́ òkun ni wọ́n ti ń wa irú rẹ̀, ọkọ̀ òyìnbó ló ń kó o wá sí etíkun Benin kó tó di pé ó gòkè wá sọ́dọ̀ wa. Owó ẹyọ tí àwọn ìyá wa fi ń nájà, erékùṣù Maldives nínú òkun Índíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Atukọ̀ ló kó gbogbo rẹ̀. Odò Ọ̀sẹ tí a fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ lórúkọ náà, kì í dúró sọ́dọ̀ wa. Ó ń ṣàn gba gúúsù wọ ilẹ̀ Ẹdó, títí yóò fi bá odò Benin, títí yóò fi bá òkun. Bàbá Àgbẹ̀ tó ti ń bínú láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé orí sókè. "Omi tí mo fi ń fọ ọkọ́ mi lẹ́yìn oko," ni wọ́n wí, "ṣé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ló ń lọ?" Bàbá Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìde, wọ́n lọ wẹ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ pe ìyá rẹ̀. Gbogbo agboolé ló gbọ́, torí pé ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde ni Ìyá Ifọ̀n tẹ̀. Ọmọ ṣàlàyé. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni, ọkọ̀ àwọn ará òkèèrè. Bàbá Tíṣà mi orí, wọ́n ní Nàìjíríà náà ti ní ọkọ̀ tirẹ̀ rí, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, tí wọ́n sì tú ká ní 1995. Iléèwé àwọn atukọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Oron ní 1979 ṣì wà, ọkọ̀ tí àwọn ọmọ máa wà ni ò tó. Ìyá Ifọ̀n ní ká dákẹ́. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nínú ọkọ̀. Ṣé òun ló ń wà á ni?

Ọmọ ṣe gẹ̀ẹ̀. "Rárá, Màmá. Ilé ìdáná ni mo wà. Èmi ni mo ń se oúnjẹ fún wọn."

Dérébà fò sókè! "Kúkù! Kúkù ni! Ó ní òun jẹ́ atukọ̀! Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń ta ìrẹsì ní ìdíkọ̀ wa, awakọ̀ ni!"

Ojú ti Ìyá Ifọ̀n. Ojú ti èmi náà díẹ̀, nítorí ẹni tí mo ti sọ fún lọ́jà láàárọ̀ yẹn pé kapúténì ni.

Ìyàwó Ìlàjẹ ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní nínú ọkọ̀ bàbá òun, àwọn mẹ́rin ni. Méjì á mú àjẹ̀, ìkan á ju àwọ̀n. Ẹnì kẹrin, ọmọdé, igbá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi tó ń wọ inú ọkọ̀ ló ń gbọ́n dànù. Bí ọmọ yẹn bá jókòó tẹtẹrẹ, gbogbo wọn á rì pọ̀, pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. "A kì í bi í pé kí ló mú dání. Ẹni tí omi lè gbé lọ pẹ̀lú wa, atukọ̀ ni."

Bàbá Tíṣà wọlé lọ, wọ́n gbé ìwé kan jáde. Wọ́n ní ohun tí obìnrin yìí sọ gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè jókòó lé lórí ní Geneva ní 2006, nínú àdéhùn iṣẹ́ ojú òkun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2013: ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, atukọ̀ ni, ẹ̀tọ́ atukọ̀ sì tọ́ sí i. Kódà wọ́n ní ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún, ọjọ́ 25 oṣù Júùnù, tí gbogbo ayé fi ń kí wọn kú iṣẹ́. Mo wo Ìyàwó Ìlàjẹ. Ó ń fi ọwọ́ nu ojú àjẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Odindi Geneva, tí igbá ọmọdé ti ṣáájú wọn débẹ̀!

Dérébà ní ó dáa, òun gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka kọ̀ǹdọ́ òun náà mọ́ awakọ̀. A ní a gbà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún kọ̀ǹdọ́, kó má baà bèèrè owó.

Ìyá Ifọ̀n wá ní òun fẹ́ súre fún ọmọ òun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé e, nítorí náà ó ní kí ọmọ ọmọ mi bá òun kọ ọ́ ránṣẹ́. Àdúrà wo? Mo ní èwo ló tún kù, bí kò ṣe ti ìdíkọ̀. Ọmọ tẹ̀ ẹ́, ó fi í ránṣẹ́, láìsí àmì kankan, bí ìṣe wọn:

"Oko a refo o."

Èsì dé lọ́jọ́ kẹta. Bàbá Tíṣà fúnra wọn ló kà á, kí okùn má baà tún dé bá wa. Ọmọ ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọkọ yín ò rí ẹ̀fọ́ rà lójú òkun. Ẹja ló pọ̀ níbí."